Gìtá Béèsì Láàárín Àwọn Ìlù Yorùbá

Gìtá béèsì ni gìtá olókùn ńláńlá, mẹ́rin ní iye lọ́pọ̀ ìgbà, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ohùn gbogbo ohun èlò yòókù nínú ẹgbẹ́ orin, tí àwọn tí ń jó sí i kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó gbé ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, títí dé àwọn ìletò Òwu bí Ararọ̀mí, kò sí òde ìnáwó tí a pe ẹgbẹ́ olórin sí tí a kò ní bá a níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ẹgbẹ́ akọrin tó múná dóko tí kò ní í fẹ́ kí ẹnì kan máa ta á. Ohun tí àròkọ yìí dúró lé ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ni ó ṣe é, tí orúkọ rẹ̀ sì kà á mọ́ ìdílé gìtá, àárín àwọn ìlù ni orin Yorùbá fún un ní ìjókòó, àti pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ ìlù ní àgbọ́yé kò lè ta á kí ó dùn, bó ti wù kí ìka rẹ̀ yá tó.

Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gìtá béèsì ni a ń fi lẹ́tà E, A, D àti G pè láti orí èyí tí ó nípọn jù lọ wá sí orí èyí tí ó tín-ín-rín jù lọ, odindi ìpele dó sí dó kan ni wọ́n sì fi wà nísàlẹ̀ okùn mẹ́rin tó nípọn lára gìtá lásán. Okùn E náà ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí okùn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù lọ lára gìtá lásán ń gbọ̀n ní ìgbà 82. Ìgbì ohùn tí ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ gùn ju mítà mẹ́jọ lọ kí ó tó pé yípo, èyí sì ni ó fà á tí béèsì fi ń ṣe onírúurú ìṣe ní onírúurú ibi: lábẹ́ tapólì ní ojúta gbangba, ohùn náà kò rí ògiri tí yóò dá a padà, ó ń sá lọ ni; nínú ilé ìsìn tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ tí a sì fi páànù bo orí rẹ̀, ó máa ń kó jọ sí igun ilé, tí ohùn kan yóò máa bú ramúramù tí èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò sì pòórá. Onígìtá tí ó bá ń fi etí ibi tí òun dúró sí nìkan ṣèdájọ́ yóò máa yí ohùn sókè láìnídìí, àwọn tó jókòó sí igun ilé ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Leo Fender, tí ó ń tún rédíò ṣe tí ó sì ń ṣe gìtá ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé gìtá béèsì tí ó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ jáde ní 1951, tí ó sì pè é ní Precision. Ṣáájú ìgbà náà, béèsì onígi ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń nà dúró tí a sì ń gbá mọ́ra kí a tó lè ta á, ni àwọn ẹgbẹ́ ń lò, àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù láti Accra wá sí Èkó sì lò ó pẹ̀lú. Ó wúwo, ó ṣòro í gbé sọ́kọ̀, bí fèrè àti kàkàkí bá sì ti gbohùn sókè, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí Fender fi kún un ni férẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sí ojú ọrùn gìtá kí ìka lè mọ ibi tí ohùn gan-an wà, àti píkọ́ọ̀pù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé, tí ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì okùn tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àńpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá.

Àmọ́ kí gìtá béèsì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ tí ó wá ń ṣe lónìí ti ní ẹni tí ń ṣe é. Agídìgbo ni àpótí onígi fífẹ̀ kan tí a dá ihò sí lójú, tí a sì fi irin há ahọ́n irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ọn lórí. Ẹni tí ń lù ú yóò gbé e lé itan tàbí kí ó fi okùn gbé e kọ́rùn, yóò máa fi ìka tẹ ahọ́n irin náà sílẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó dún, yóò sì tún máa gbá ara àpótí náà bí ẹni tí ń lu ìlù. Ó jọ marímbula tí àwọn ará Kúbà ń fi ṣe béèsì nínú orin ìbílẹ̀ wọn. Ohùn rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í ga, ṣùgbọ́n òun ni ìlù méjèèjì, èyí tí ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí ń tẹ̀ lé e, ń padà wá bá. Nínú àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí a bí ní 1919 tí ó sì kú ní 1983, àdàmọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó ń rọ̀jò, agídìgbo sì ni ó jókòó sísàlẹ̀ tí ó ń sọ gbólóhùn kúkúrú kan náà ní àsọtúnsọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí béèsì wà fún nínú orin Yorùbá, kí ó gbọ́ àwo Oroki Social Club tí ó gbé jáde ní 1971, kí ó fi etí yọ agídìgbo kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìlù ṣe wá ń fò lókè láìrí ilẹ̀ bà lé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé lówelówe ni a ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń ta béèsì lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe òfin iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí òun náà ń sọ kì í ṣe ohun tí a ń là mọ́lẹ̀.

Àsopọ̀ tó wà láàárín agídìgbo àti gìtá béèsì kì í ṣe àfiwé lásán, nítorí ó hàn nínú ìtàn ìgbésí ayé àwọn olórin fúnra wọn. Ní Èkó ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ Rio Lindo ti Adéolú Akínsànyà àti ẹgbẹ́ Fatai Rolling Dollar gbé agídìgbo sí ẹ̀gbẹ́ gìtá, wọ́n sì fi í ṣe orin ìgbafẹ́ tí àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn. Lábẹ́ Rolling Dollar yìí kan náà, ẹni tí ó gbé láyé láti 1927 sí 2013, ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ẹgbẹ́ jùjú di ẹgbẹ́ onígìtá púpọ̀ ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ agídìgbo lójoojúmọ́ kí ó tó ní onígìtá béèsì tirẹ̀. Bí a bá gbọ́ béèsì inú àwọn àwo Obey ti ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Inter-Reformers ní àwọn ọdún 1970, tí ó ń rìn pẹ̀lú ìwúwo, tí kì í kánjú, tí ó sì ń tún gbólóhùn kúkúrú sọ títí tí orin yóò fi yí padà, agídìgbo ni a ń gbọ́ lórí okùn.

Jùjú kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú béèsì. Ní ìgbà Túndé King ní àwọn ọdún 1930, gìtá tàbí bánjò kan, ìlù jùjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn tó láti mú òru dùn. Ní nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ iná, láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ sì ti rí àyè pe ìlù púpọ̀ sí i, nítorí ìlù kò lè bo gìtá àti ohùn akọrin mọ́lẹ̀ mọ́ bí i ti tẹ́lẹ̀. Bí ìlù ṣe ń pọ̀ sí i lókè àti láàárín, bẹ́ẹ̀ ni àìsí ohun tó dúró sísàlẹ̀ ń hàn, títí tí gìtá béèsì fi wọlé tí ó sì gba ìjókòó náà. Ẹgbẹ́ Green Spots tí King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tí a bí sí Òṣogbo ní 1946, dá sílẹ̀ ní 1967, àti African Beats tí ó tẹ̀ lé e, ni ó wá fi hàn bí gbogbo gìtá ṣe lè pín iṣẹ́ ara wọn. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, gìtá aṣáájú ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú akọrin, gìtá méjì mìíràn ń hun ara wọn, gìtá Hawaii tí a ń fi irin fà ń ké lókè, gìtá tẹ́nọ̀ sì ń tún gbólóhùn kan ṣe lórí okùn tó nípọn, ní àárín béèsì àti àwọn yòókù. Tẹ́nọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú fún béèsì. Ẹni tí ó bá ń ta béèsì lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí tẹ́nọ̀ ti dákẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àyè tirẹ̀ wà.

Àwo Juju Music tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde fún Sunny Adé ní 1982, tí Martin Meissonnier ọmọ Faransé darí, ni ọ̀nà tí ó yá jù lọ láti gbọ́ nǹkan yìí, nítorí a ya ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti ń ṣe é nínú àwọn àwo ti ilé lọ. Jelili Lawal ni ó ta béèsì, iṣẹ́ rẹ̀ sì yẹ ní kíkọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Kì í gba ibi tí gángan ń sọ̀rọ̀ kọjá. Bí gángan bá sọ gbólóhùn tí ó parí sísàlẹ̀, béèsì yóò dúró kí ó parí, yóò sì fi ohùn kan tàbí méjì dáhùn. Ní èrò òǹkọ̀wé yìí, kò sí onígìtá béèsì kan ní ilẹ̀ yìí tí a ti ta àwo rẹ̀ káàkiri ayé tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn aráalé tó bẹ́ẹ̀, àìdára gbáà ni.

Fela Aníkúlápó Kútì (1938–1997) gba ọ̀nà mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣẹ̀dá gbólóhùn tí béèsì yóò máa ta, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún fèrè, gìtá àti kíbọ́ọ̀dù. Tony Allen tí ń lu ìlù òyìnbó nìkan ni a mọ̀ sí ẹni tí ó ń wá ọgbọ́n tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú orin Zombie, tí ó lé ní ìṣẹ́jú 12, Nweke Atifoh ta gbólóhùn béèsì tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá lè mọ̀ láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lè ta fún ìṣẹ́jú 12 láì fi nǹkan kún un. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Àsọtúnsọ nínú áfúróbíìtì, orin Fela yìí, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń fún etí ní ohun kan tí ó dúró kí ó lè gbọ́ ohun tí ń yí padà, nítorí náà bí béèsì bá ṣí nípò nígbà tí fèrè ń wọlé, fèrè náà yóò pàdánù agbára rẹ̀. Maurice Ekpo, tí ó ta béèsì fún Fela ṣáájú Atifoh, tí a sì lè gbọ́ nínú àwo tí wọ́n ṣe pẹ̀lú onílù Ginger Baker ní 1971, ní ọwọ́ tí ó wúwo díẹ̀ ju ti Atifoh lọ, ó sì jọ pé háíláìfù ṣì wà lára rẹ̀. Méjèèjì ló dára. Ti Atifoh ni òǹkọ̀wé yìí yóò yàn, nítorí bí ó ṣe ń gé ohùn kúrú.

Ẹgbẹ́ BLO, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1972, fi béèsì síwájú ju bí jùjú àti áfúróbíìtì ti ṣe lọ, nítorí ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n, Berkley Jones, Láolú Akíntọ́bi àti Mike Odùmósù tí ń ta béèsì, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́ta náà sì ni orúkọ ẹgbẹ́. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tó bá fẹ́ ta béèsì ní òde Àpòmù yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni ó kàn báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń ta okùn, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tí àtàǹpàkò yóò sinmi lórí píkọ́ọ̀pù tàbí lórí okùn E kí ó má baà máa dún nígbà tí a kò ta á. Ọwọ́ òsì ni ó ń tẹ okùn mọ́ férẹ́ẹ̀tì, òun kan náà ni ó sì ń pa ohùn: bí ìka bá gbé díẹ̀ kúrò lórí férẹ́ẹ̀tì láì kúrò lára okùn, ohùn yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Pípa ohùn yìí ni ó ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára ọmọṣẹ́. A lè rí i bí a bá wo ìlù wọ́rò, èyí tí a ń gbọ́ nínú jùjú àti nígbà ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ òyìnbó yóò gbá ìlà àkọ́kọ́, béèsì yóò ta dó pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì pa á kí ìlù kejì tó dún. Ìdákẹ́ tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti gángan àti agogo. Lẹ́yìn náà ni béèsì yóò wá ta sọ̀ àti là láti ìsàlẹ̀, ní kíákíá, kí ó fi gun orí dó padà. Bí a bá jẹ́ kí dó àkọ́kọ́ yẹn máa dún títí tí sọ̀ yóò fi wọlé, kò sí ohùn kan tí ó ṣì, ṣùgbọ́n ijó á wúwo, àwọn tí ń jó á sì máa fa ẹsẹ̀ láìmọ ìdí.

Ó ba ni nínú jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi ọjọ́ wọn kọ́ ni sísáré lórí okùn, pàápàá ní ibi tí akọrin bá ti fẹ́ mí sí, tí ohùn mẹ́fà tàbí méje yóò tú jáde láti ọwọ́ béèsì kí gbólóhùn tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rí i lórí fídíò àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì dára lọ́wọ́ àwọn yẹn, nítorí orin wọn kò ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀ nínú. Nínú orin tiwa, ìdákẹ́ akọrin ní ẹni tí ó ni ín: gángan ni. Onígìtá béèsì tí ó bá sáré gba ibẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fífi àtàǹpàkò gbá okùn lójú, ọ̀nà tí Larry Graham sọ di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ìgbà tí a lu agbada: ó dára fún orin fọ́ǹkì, ṣùgbọ́n ibi tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti wà ni ohùn rẹ̀ ń lọ, kò sì sí àyè níbẹ̀.

Ní ti gìtá fúnra rẹ̀, Precision ni òǹkọ̀wé yìí yóò kọ́kọ́ dámọ̀ràn fún ẹni tí ń ta orin Yorùbá, yálà ti Fender gan-an tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn fi ara wé e. Láti 1957 ni a ti pín píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sí méjì tí a sì yí wáyà wọn ní òdìkejì ara wọn, kí ariwo iná tó bá wọ ọ̀kan lè pa ti èkejì, àǹfààní ńlá sì ni èyí jẹ́ níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn tapólì. Jazz, tí Fender náà gbé jáde ní 1960, ní píkọ́ọ̀pù méjì tí a lè pò pọ̀ bí a bá ṣe fẹ́. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì yá fún ọwọ́ kékeré, àmọ́ bí a bá pa ọ̀kan nínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Höfner tí a ṣe bí fáolíìnì, èyí tí Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles sọ di olókìkí, fúyẹ́, okùn rẹ̀ sì kúrú. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ ti agídìgbo jù lọ nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa. Àwọn gìtá tí ó ní bátìrì nínú ń fún ohùn ní agbára, ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé wáyà sára wọn di òwúrọ̀, bátìrì á ti kú, ohùn á sì fọ́ ní àárín orin.

Ọ̀rọ̀ olókùn márùn-ún ń fa àríyànjiyàn. Okùn B tí a fi kún un ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí akọrin lè pe orin sí kíì èyíkéyìí, kí béèsì má sì máa fo sókè láti wá ohùn rẹ̀. Ìdí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ sípíkà tí a sábà ń gbé lọ sóde kò lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé ohùn yẹn jáde; ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ni bíbú tí kò ní orúkọ. Ẹni tí ó bá ń ta jùjú kò nílò ju mẹ́rin lọ.

Bí a bá ń ra tòkúnbọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń lọ rà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ọrùn ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọ̀dà ara rẹ̀. A ó fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ férẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kí a fi ìka ọwọ́ kejì tẹ okùn kan náà mọ́ férẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn, kí a wá wo àárín: ó yẹ kí àyè díẹ̀ wà láàárín okùn àti férẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ, bí nínípọn ìwé káàdì. Bí okùn bá lẹ̀ pátápátá, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí àyè náà bá pọ̀, ó ti tẹ̀ síwájú. Irin kan wà nínú ọrùn tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí láti tún un ṣe, kí a sì dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́, nítorí bí irin yẹn bá ti dógùn-ún tí kò yí mọ́, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ojú ọjọ́ tiwa kì í jẹ́ kí ọrùn gìtá sinmi. Nígbà ọyẹ́, pákó máa ń gbẹ, ọrùn á fà sẹ́yìn, okùn á máa gbá férẹ́ẹ̀tì, orí irin férẹ́ẹ̀tì á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò máa ha ọwọ́. Nígbà òjò, pákó á mu omi, okùn á ga kúrò nílẹ̀, títẹ̀ ẹ́ á sì di iṣẹ́ agbára. Onígìtá tí kò bá yí irin ọrùn gìtá rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́ àti ní ìgbà òjò ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà ni.

Okùn béèsì wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni ó máa ń sè é. A ó tú u kúrò lára gìtá, a ó ká a sínú ìkòkò omi, a ó jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì nù ún gbẹ kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ tí ó há sáàárín wáyà tí a fi wé okùn ni ó ń pa ohùn rẹ̀, omi gbígbóná sì ń tú u jáde. Ọjọ́ díẹ̀ ni ohùn tuntun náà ń wà kí ó tó tún kú. Òǹkọ̀wé yìí kò rí ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Okùn tí ó ti gbó díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò dán mọ́, ni ó yẹ orin tí agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá mẹ́rin ti ń dán nínú rẹ̀. James Jamerson, tí ó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ilé iṣẹ́ Motown ṣe ní Detroit ní àwọn ọdún 1960, fi ìka kan ṣoṣo ta Precision rẹ̀, kì í sì í pààrọ̀ okùn àyàfi tí ó bá já.

Kí a padà sí agbègbè tí a ti bẹ̀rẹ̀: Àpòmù ti jẹ́ ìlú ọjà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sọ bí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ṣe ń pàdé níbẹ̀, àti bí ìjà tó ṣẹlẹ̀ nínú ọjà náà ṣe di ogun Òwu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Títí di òní, olóde tí ó pe ẹgbẹ́ sí ìnáwó ní agbègbè yìí kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà dúró sórí irú orin kan: àgbà kan yóò fẹ́ àpàlà, àwọn ìyàwó ilé yóò fẹ́ orin ìyìn, àwọn ọ̀dọ́ yóò fẹ́ fújì, olóyè kan yóò sì ní òun ń fẹ́ Sunny Adé. Onígìtá béèsì ni ó ń gbé wọn ti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, nítorí akọrin kì í dúró kí ó tó yí padà. Èyí ni ó mú kí ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ti dá owó onígìtá béèsì sí, tí wọ́n fi ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù rọ́pò rẹ̀. Ohùn tí kíbọ́ọ̀dù ń mú jáde mọ́ tónítóní, kò sì ṣì í. Àmọ́ ọwọ́ òsì náà ń tẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún ni, kì í tẹ̀ lé ìlù, nítorí ènìyàn kan náà ni ó ni méjèèjì.

Ohun kan kù tí kò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onígìtá wa, tí ó sì yẹ kí wọ́n gbà mọ́ra. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ní ibi tí ohùn ti ń yọ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, èyí tí gángan ń ṣe nípa fífún awọ rẹ̀ pọ̀ tí a sì ń tú u sílẹ̀. Férẹ́ẹ̀tì kò lè yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fo ni, láti orí irin kan sí òmíràn. Béèsì tí kò ní férẹ́ẹ̀tì lè ṣe é. Bakithi Kumalo, ọmọ South Africa, fi irú rẹ̀ ta nínú àwo Graceland tí Paul Simon gbé jáde ní 1986, ohùn rẹ̀ sì ń yọ̀ wálẹ̀ àti sókè bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí a bá gbé irú béèsì bẹ́ẹ̀ sábẹ́ gángan, ó lè dá gbólóhùn rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó nítumọ̀, kí ẹni tí ó gbọ́ ìlù sì gbọ́ béèsì pẹ̀lú. Owó rẹ̀ kò sì yẹ kí ó jẹ́ ìdíwọ́: Jaco Pastorius, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kà sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, yọ férẹ́ẹ̀tì Jazz àtijọ́ kan fúnra rẹ̀, ó fi nǹkan dí ojú ihò rẹ̀, ó sì fi gúlúù líle tí a ń fi tún ọkọ̀ ojú omi ṣe pa ojú ọrùn náà kí okùn má baà jẹ ẹ́. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ní Ìkirè lè ṣe é sára gìtá tòkúnbọ̀ tí férẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹ tán, kí ó sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ojú ibi tí férẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ti wà tẹ́lẹ̀, kí onígìtá lè rí ibi tí yóò tẹ̀ bí iná bá ṣókùnkùn lábẹ́ tapólì.